Ìbọn Ọdẹ nínú Àwọn Ìwé Wa: láti Inú Ìjálá dé Èbúté Àpápá

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ojú rẹ̀ sí òun?" Òtítọ́ ni òwe yìí fún ẹni tí ó dúró níwájú ìbọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í bèèrè irú ìbọn tí ó jẹ́ kí ó tó sá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ìbọn kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tí kò mọ̀ bóyá ìbọn òun ní apátí tàbí kò ní, ebi ni yóò pa á, bí ẹranko kò bá tilẹ̀ pa á ṣáájú. Ẹni tí ó ń ka ìwé ọdẹ, tí ó sì ń ṣe àlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yìn ìbọn ni ó yẹ kí òun náà dúró sí. Ó ṣeni láàánú pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlàyé tí a ń ṣe lórí ìjálá àti lórí ìtàn àròsọ, ìbọn kan ṣoṣo ni ó dà bí ẹni pé ó wà láyé. A ń ka oríṣiríṣi ewé àti ògùn tí ọdẹ ń lò lẹ́sẹẹsẹ, a ń ka orúkọ ẹranko mọ́ orúkọ ẹranko, ṣùgbọ́n tí a bá dé orí ìbọn, a ó kàn wí pé "ó yìnbọn", a ó sì kọjá lọ. Ohun tí a gbójú fò dá yìí kò kéré, nítorí irú ìbọn tí ó wà ní èjìká ọdẹ ni ó pinnu irú ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ẹnu rẹ̀.

Ìbọn méjì ni a ó fi wéra. Èkíní ni ṣakabùlà, ìbọn àtijọ́ tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Ẹnu ni a ti ń ki í. Ọdẹ yóò da ẹ̀tù sí i, yóò fi àkísà tàbí okùn gígún dí i, yóò da ọta lé e, yóò tún dí i, yóò sì fi ọ̀pá kì í kí ó le. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó da ẹ̀tù díẹ̀ sí etí rẹ̀, níbi tí òkúta yóò ti ṣá iná sí i. Bí ó bá ti dún ní ẹ̀ẹ̀kan, èéfín á bo gbogbo iwájú ọdẹ, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ìbọn tí ó ní irin kan lábẹ́, tí ó yí ọwọ́ ọdẹ ká bí òrùka. Bí ọdẹ bá ti irin náà sí ìsàlẹ̀, páádi ọta tí ó ti jó yóò fò jáde, òòlù ìbọn yóò sì gbéra sókè. Bí ó bá fà á padà, ọta tuntun yóò wọlé. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, inú ọ̀pá kan tí ó wà lábẹ́ ẹnu ìbọn ni àwọn ọta náà ń tò sí, ìdí èkíní kan orí èkejì. Nítorí náà ni a fi ń ṣe orí ọta wọn ní pẹrẹsẹ, kí orí ẹ̀yìn má baà gún ìdí ti iwájú kí ó sì gbiná. Ní Amẹ́ríkà ni irú ìbọn yìí ti gbilẹ̀ láti nǹkan bí 1860, orúkọ tí ó sì lókìkí jù nínú wọn ni Winchester, pàápàá jù lọ èyí tí wọ́n ṣe ní 1873 àti èyí tí wọ́n ṣe ní 1894. Nítorí pé ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ṣakabùlà tó sọ ẹ̀ẹ̀kejì, kí á máa pè é ní aláwítúnwí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìbọn tí ó ń wí lẹ́ẹ̀kan ni ó bí ìjálá bí a ti mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, tí ó jáde ní Oxford ní 1966, àti lẹ́nu àwọn oníjàálá fúnra wọn, ohun tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni bí oríkì ẹranko ti pọ̀ tó, tí ó sì péye tó: bí ẹfọ̀n ti ń rìn, bí erin ti ń jẹun, bí ẹkùn ti ń dọdẹ, bí àgbọ̀nrín ti ń gbọ́ ìró ewé. Àwọn kan rò pé ẹwà ọ̀rọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà nínú oríkì wọ̀nyí jẹ́ ìmọ̀ ẹni tí ó ní láti súnmọ́ ẹran kí ó tó yìnbọn, nítorí pé ìbọn rẹ̀ kì í ríran jìnnà, kì í sì í wí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹfọ̀n bá gba ọta tí kò kú, yóò yí padà sí ọdẹ nígbà tí ìbọn ọdẹ ti di igi lásán lọ́wọ́ rẹ̀. Àárín ìró ìbọn àti kíkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àyè kan wà níbẹ̀ tí kò sí ohun tí ó lè gba ọdẹ là bí kò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, igi tí ó lè gùn, àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Inú àyè yẹn ni ọfọ̀ ń gbé. Inú rẹ̀ ni àfẹ́ẹ̀rí àti egbé ń gbé. Bí a bá fi aláwítúnwí lé ọdẹ náà lọ́wọ́, àyè yẹn ti dí pa, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó mú kí ọdẹ jẹ́ akéwì sì ti dí pa pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀rí èyí wà nínú ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, tí Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ìbọn wà nínú ìwé náà, ó sì ṣe iṣẹ́ tí ó burú jù nínú rẹ̀, nítorí ìbọn ni bàbá Àkàrà-ògùn fi pa ìyàwó ara rẹ̀ tí ó ti di ẹranko. Ìró kan ṣoṣo ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọdẹ náà ní láti tọ ipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ó lè yìnbọn náà ní ìgbà mẹ́wàá, kò ní sí ìdúró, kò ní sí ìfura, kò ní sí ipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ó ń fà wá lọ síbi ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n kí a wo apá kejì ìwé náà, níbi tí àwọn ọdẹ péjọ láti lọ sí Òkè Lángbòdó. Kákó ń jẹ́ oníkùmọ̀ ẹkùn. Ẹ̀fọ́ìyẹ́ sì jẹ́ ọlọ́fà tí kì í tàsé. Kùmọ̀ sọ ènìyàn ní orúkọ, ọfà sọ ènìyàn ní orúkọ. Ìbọn kò sọ ẹnikẹ́ni ní orúkọ. Fágúnwà kò fi ìbọn ṣe ohun ìyanu, ó fi ṣe irinṣẹ́ tí ọdẹ kọ́ èjìká, ó sì fi okun ìtàn rẹ̀ sí ara ènìyàn àti sí ẹnu rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ìwé náà ní ilé-ìwé kì í sì í sábà tọ́ka sí i.

Níhìn-ín ni ìbéèrè kan ti yẹ kí ó dìde. Kí ni ó dé tí ṣakabùlà kò fi kúrò ní èjìká ọdẹ Yorùbá ní gbogbo ìgbà tí àwọn ẹ̀yà ayé mìíràn ń lo aláwítúnwí? Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé "àṣà wa ni". Ìdáhùn yìí kò tọ́. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, tí ó parí ní 1893, kò sí ẹni tí ó fi àṣà dúró ti ṣakabùlà. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ni ó ń wá ìbọn Snider, tí a ń ki láti ìdí, ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, ìró ìbọn wọ̀nyẹn sì ni ó sọ ogun náà ní orúkọ. Ní Dàhọ̀mì, lẹ́bàá ilẹ̀ Yorùbá, Ọba Béhanzin ra ìbọn Winchester àti Mannlicher lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì, ó sì fi wọ́n kojú àwọn Faransé ní 1892. Ẹni tí ó bá ní owó àti ọ̀nà kò jẹ́ fi aláwítúnwí sílẹ̀ nítorí àṣà.

Òfin ni ó fi í sílẹ̀ fún wọn. Ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti àwọn mìíràn fi ọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels, láti fi dẹ́kun òwò ẹrú. Nínú ìwé yìí kan náà ni wọ́n ti fòfin de kíkó ìbọn tí a ń ki láti ìdí àti ìbọn tí ó ní ìlà nínú wọ apá tí ó tóbi jù nínú Áfíríkà, ilẹ̀ Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ìbọn tí òkúta ń dáná sí, tí kò ní ìlà nínú, àti ẹ̀tù lásán nìkan ni wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún. Ìwé ti 1890 yìí kò jẹ́ ohun tí oníjàálá kan gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú ohùn rẹ̀. Ìbọn ẹlẹ́ẹ̀kan tí a ń pè ní àṣà jẹ́ àṣà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣà tí a fi odi yí ká ni. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń ṣe lámèyítọ́ ni láti fi odi náà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n má baà rò pé Ògún fúnra rẹ̀ ni ó yan ṣakabùlà. Ohun tí ó yẹ kí a yìn àwọn oníjàálá fún ni pé, nínú odi tí àwọn ẹlòmíràn mọ, wọ́n sọ àìní di ẹ̀kọ́.

Ìdí kejì tí ṣakabùlà fi borí ni ọ̀rọ̀ ọta. Ṣakabùlà kì í yan oúnjẹ. Alágbẹ̀dẹ ìlú lè ṣe é, ó lè tún un ṣe, irin wẹ́wẹ́ sì lè di ọta rẹ̀. Aláwítúnwí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta kan ṣoṣo tí a ṣe fún ìwọ̀n rẹ̀ ni ó lè jẹ, ìwọ̀n wọ̀nyí sì pọ̀ bí orúkọ ènìyàn. Èyí tí a ń pè ní .44-40 ni a ṣe fún Winchester ti 1873: 44 ń tọ́ka sí ìbú ọta, 40 sì jẹ́ ìwọ̀n ẹ̀tù inú rẹ̀. Ìbọn Martini-Henry tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1871 ní irin abẹ́ bí ti aláwítúnwí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni òun náà ń wí, ọta rẹ̀ sì jẹ́ .577/450. A ṣe .348 fún Winchester kan ṣoṣo tí ó jáde láti 1935 títí di apá ìparí àwọn ọdún 1950. Bí a sì ti dáwọ́ ìbọn náà dúró, ọta rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí ó bá jogún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lónìí jogún ẹnu láìjogún oúnjẹ. Ó lè nù ún, ó lè fi òróró pa á, ó lè gbé e kọ́ ara ògiri kí àlejò máa wò ó, ṣùgbọ́n bí páálí ọta tí ó kẹ́yìn bá tán, ọ̀nà òkun ni ojú rẹ̀ yóò máa wò. Ọdẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní òkè òkun kò tíì ní ìbọn. Àyálò ni ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aláwítúnwí náà ní ìwé tirẹ̀, ó sì dára kí a fi wé tiwa. Ní 1909, Theodore Roosevelt, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ ṣọdẹ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Lára àwọn ìbọn rẹ̀ ni Winchester ti 1895 tí ń jẹ ọta .405, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn púpọ̀ fún kìnnìún. Nínú ìwé tí ó kọ nípa ìrìn àjò náà, ó ka gbogbo ẹran tí òun àti ọmọ rẹ̀ pa: 512 ni. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Roosevelt kò mọ ẹranko. Ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n iye ni ìwé rẹ̀ fi parí ọ̀rọ̀, oríkì sì ni oníjàálá fi ń parí tirẹ̀. Ẹni tí ó pa ẹran kan ní oṣù kan, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí rẹ̀, yóò kí ẹran náà bí ẹni tí ń kí ọ̀tá tí ó bọ̀wọ̀ fún. "Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà inú igbó, bí ó bá pẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ." Òwe yìí kò lè ti ẹnu ẹni tí ó pa 512 jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni sinimá Amẹ́ríkà tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó wò púpọ̀ nígbà kan rí. Ọ̀kan wà tí ó jáde ní 1950 tí ó tilẹ̀ ń jẹ́ Winchester '73. Ìbọn ni wọ́n fi sọ ìtàn náà ní orúkọ, ìbọn kan ṣoṣo ni ó sì ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí ìtàn fi parí. Ohun tí Fágúnwà kọ̀ láti ṣe gan-an ni èyí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá mú un dé ibi tí ìbọn ti ń gúnlẹ̀. Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Èkó. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ èbúté: ajé gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Àpápá ni ọkọ̀ òkun ń dé sí. Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń rù ú sílẹ̀ ń gbé, ọmọ Yorùbá, Ìjọ, Ìgbò, Ìlàjẹ àti àwọn mìíràn. Kò sí igbó ńlá níbẹ̀ mọ́, kò sí ẹfọ̀n, kò sí àgbọ̀nrín. Síbẹ̀ ọdẹ wà. Ọdẹ ní Ajégúnlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ní gbogbo Èkó, ni ẹni tí àwọn ará àdúgbò ń san owó fún kí ó máa ṣọ́ wọn lóru. Ó ń fọn fèrè, ó ń gbá irin, ṣakabùlà sì wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ Ògún ni wọ́n fi ń pè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà: kì í ṣe ẹran ni ó ń dúró dè, ènìyàn ni. Ó sì jẹ́ ohun ìrònú pé nínú èdè ìgboro Èkó, àmì ohùn nìkan ni ó wà láàárín ọdẹ àti ọ̀dẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pe òmùgọ̀. Ẹnu àwọn ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da méjèèjì pọ̀.

Òfin ilẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ tí àwọn alámèyítọ́ wa kò mọ̀. Òfin Ìbọn ti 1959, tí a ṣì ń lò, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ó ya ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ ní ìsọ̀rí tiwọn. Ó ka ìbọn ọdẹ onílà sí ìsọ̀rí kejì, èyí tí ènìyàn lè ní bí ó bá gba ìwé àṣẹ, ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ ni ó sì fi dá a mọ̀: kí ó má jẹ́ 7.62 mílímítà, kí ó má jẹ́ 9 mílímítà, kí ó má jẹ́ .300 íǹṣì, nítorí ti ológun ni wọ̀nyẹn. Nítorí náà, .348 tàbí .405 tí ó ṣọ̀wọ́n ní ọjà kò sí nínú àwọn nọ́ńbà tí òfin fi dá ìbọn ogun mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan kò tó. Ẹni tí ó ní in láìní ìwé àṣẹ ti rú òfin. Ìbọn tí a ń fi ọwọ́ fa iwájú rẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó wí ni òfin wá fi kún ti ìsọ̀rí kìíní, tí a dè pátápátá. Ní oṣù kìíní 2017, àwọn aṣọ́bodè gba 661 nínú irú rẹ̀ ní Mile 2. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n gba 1,100 ní èbúté Tin Can, ní Àpápá. Kì í ṣe inú igbó ni a ń kó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn òǹkọ̀wé wa kò ṣàì rí ìyípadà yìí. Láti 1969 tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ni ìtàn ọ̀daràn ti wọ inú ìwé Yorùbá gidigidi. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́, ni ó sì jẹ́ ọdẹ nínú rẹ̀ bí a bá wò ó dáadáa, nítorí ipasẹ̀ ènìyàn ni ó ń tọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín Àkàrà-ògùn tí ó wà nínú igbó àti Lápàdé tí ó wà nínú ìgboro, ẹnìkan ṣì dúró ní òkùnkùn tí a kò tíì fún ní ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ sí i: ọdẹ àdúgbò tí ó fi ìbọn ẹlẹ́ẹ̀kan dúró de olè tí ó gbé aláwítúnwí. Òun ni ó mọ̀ jù nínú gbogbo wa ohun tí àyè tí ó wà láàárín ìró kan àti èkejì túmọ̀ sí. Ohun tí ìjálá ti ń sọ nípa ẹfọ̀n láti ọjọ́ pípẹ́ ń ṣẹlẹ̀ sí i ní òpópónà.

Ẹnìkan lè wí pé lítíréṣọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, àti pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ka nọ́ńbà ara ìbọn nígbà tí ewì wà fún un láti kà. Ọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú. Bí ẹnìkan bá kọ́ orúkọ gbogbo ìbọn ayé, tí kò gbọ́ ohùn oníjàálá, asán ni ó kọ́. Ṣùgbọ́n Ògún tí a ń fi ìjálá bọ, ọlọ́run alágbẹ̀dẹ ni. Kò sí bí a ṣe lè yin ọlọ́run irin kí a má mọ irin. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní Ògbójú Ọdẹ kò nílò láti gbé ìbọn kankan wọ inú iyàrá ẹ̀kọ́, kò sì yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó kàn bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà pé: ẹ̀ẹ̀melòó ni ìbọn yìí lè wí? Kí ni ọdẹ yóò ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti wí? Ta ni ó ń ṣe ọta rẹ̀? Láti inú ìbéèrè mẹ́ta yìí, wọn yóò rí ìdí tí ọfọ̀ fi wà, ìdí tí oríkì fi gùn, àti ìdí tí bàbá tí ó ń ṣọ́ àdúgbò wọn lóru kì í fi í ṣe ọ̀dẹ̀.